Ta Ló Ni Kóńgò Yín?

Àwọn kan nínú yín mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, pé ìgbà tí mo bá bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo máa ń ráyè fún ọ̀rọ̀ èdè. Lónìí, mo fẹ́ da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ náà ni òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀n ni a ti fa òṣùwọ̀n yọ, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó sì wà lórí rẹ̀. Bí a bá gbé ohùn náà sókè, ó ti di nǹkan mìíràn: ọjà wọ́n, a sì tún ń wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà sọ. Àwọn baba wa fi ẹ̀yà ara wọn nǹkan. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ wọn aṣọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Nígbà tí ó yá, kóńgò dé sọ́jà, òun ni a sì fi ń wọn gàrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì títí di òní. Ẹni tó bá ti ná ọjà rí mọ̀ pé kóńgò kò dọ́gba. Òmíràn wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, tó fi jẹ́ pé bí gàrí tilẹ̀ kún dé ẹnu rẹ̀ tí ó sì ga bí òkè, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó. Ojú rí i pé ó kún. Ìkòkò ní ilé ni yóò sọ òtítọ́.

Irú kóńgò bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Èmi fúnra mi lò ó, mo sì fi í wọn ẹni tí kò yẹ kí n fi í wọ̀n. Ìtàn náà nìyí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni mo ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn tí n kò ní dárúkọ. Àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, àwọn tí ọkọ̀ kọlù tí itan wọn ṣẹ́, àti àwọn arúgbó tí kò lè dá yí ara wọn padà ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀tá tó ń ṣọ́ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni egbò ìdùbúlẹ̀. Bí ènìyàn bá sùn sójú kan pẹ́, ìwúwo ara rẹ̀ á fún awọ àti ẹran mọ́ àárín eegun àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè ṣàn dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹran ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, ìgúnpá àti ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń mú. Kì í pariwo wá. Ṣùgbọ́n bí a kò bá tètè rí i, ó lè jìn dé eegun, kòkòrò àrùn sì lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kò pa, egbò ìdí lè pa á.

A pinnu láti gbógun tì í. A ní kí a máa yí àwọn aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, kí a máa fa aṣọ ìbùsùn tẹ́jú kí ó má ká jọ lábẹ́ wọn, kí a máa fi ìrọ̀rí gbé gìgísẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ara wọn má wà nínú ìtọ̀ àti òógùn, kí oúnjẹ wọn sì dára. Inú gbogbo wa dùn sí i. Mátírọ́ọ̀nù wa, obìnrin tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, gbọ́ gbogbo àlàyé mi tán, ó ní, "Sista, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?"

Ìbéèrè yẹn rọrùn létí. Òun ni ó sì gba oorun lójú mi fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Mo wá òṣùwọ̀n mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni Braden Scale, èyí tí Barbara Braden àti Nancy Bergstrom ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 1987. Ohun mẹ́fà ni ó ń bèèrè nípa aláìsàn: bí ó ṣe ń mọ ìrora lára, bí ara rẹ̀ ṣe ń tutù pẹ̀lú òógùn tàbí ìtọ̀, bí ó ṣe ń rìn tó, bí ó ṣe ń lè yí ara rẹ̀ padà tó, bí ó ṣe ń jẹun, àti bí awọ rẹ̀ ṣe ń ha mọ́ aṣọ ìbùsùn. Àpapọ̀ máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 6 títí dé 23, bí ó bá sì ṣe kéré sí i ni ewu ṣe ń pọ̀ sí i. Ṣáájú rẹ̀, Doreen Norton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé irú rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1962. Òṣùwọ̀n kejì ni bébà tí a lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá yí aláìsàn padà máa fàlà sí i. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, níbi tí a ti ń kọ egbò kọ̀ọ̀kan tí a bá rí sílẹ̀.

Mo rò pé mo ti gbọ́n. Ẹ wá wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe já mi kulẹ̀.

Braden kò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo ṣi í lò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ẹni tí ewu súnmọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ìdí nìyẹn tí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fi dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé òjò ń ṣú kò tíì sọ bóyá ilé wa jò. Bí máàkì àwọn aláìsàn mi bá gòkè láti oṣù kan sí èkejì, ó lè jẹ́ pé àwọn tí àìsàn wọn fẹ́rẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé lóṣù náà. Kò fi hàn pé ìtọ́jú wa ti sàn sí i.

Bébà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ó kún dáadáa. Gbogbo wákàtí ni wọ́n fàlà sí, kò sí èyí tó ṣófo. Mo fi yangàn níwájú mátírọ́ọ̀nù. Ní òru ọjọ́ kan, mo yọ́ wọ wọ́ọ̀dù ní aago mẹ́rin ìdájí, mo sì bá bébà tí wọ́n ti fàlà sí títí dé aago mẹ́fà òwúrọ̀! Gègé kan náà, ọwọ́ kan náà, ìlà tó dọ́gba bí eyín ìyarun. N kò bínú sí àwọn ọmọ náà púpọ̀. Nọ́ọ̀sì méjì ni ó wà lójú iṣẹ́ fún gbogbo wọ́ọ̀dù lóru ọjọ́ náà, agbára wọn kò sì lè ká a. Bébà ni mo ní kí wọ́n kún fún mi, bébà ni wọ́n sì kún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Òṣùwọ̀n kẹta ni ó dùn mí jù, nítorí Bàbá.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Rọpárọsẹ̀ mú un ní apá òsì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì wúwo, ṣùgbọ́n làákàyè rẹ̀ pé. Ìyàwó rẹ̀ ń ta gàrí ní ọjà Bódìjà. Ní ojoojúmọ́, tí ó bá ti pàtẹ tán tí ó sì fi ọmọ sídìí ọjà, ó máa ń wá bá wa wẹ ọkọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó pè mí.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fọwọ́ kan ibí yìí."

Ìbàdí Bàbá ni. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé àmì àkọ́kọ́ egbò yìí ni kí awọ pọ́n, kí ó má sì funfun nígbà tí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bàbá dúdú bí kóró iṣin. N kò rí nǹkan kan.

"Kò pọ́n, mà," ni mo wí.

"Èmi kò sọ pé ó pọ́n. Mo ní ó gbóná, ó sì le ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ."

Bàbá náà gbìyànjú, ó ní, "Ó ń jó mi. Bí ata."

Mo ní kí a máa ṣọ́ ọ. Mo lọ sídìí ìwé, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé awọ ara dára, kò pọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, awọ náà bó, a sì rí i pé abẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ jìnnà. Nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ mi, ọjọ́ yẹn ni egbò Bàbá bẹ̀rẹ̀. Nínú ara Bàbá, ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó pè mí.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé pé ohun tí ìwé sọ ni mo tẹ̀lé, pé pípọ́n ni ìwé ní kí a máa wò. Ìyá kò pariwo mọ́ mi. Ó ṣẹ́ aṣọ Bàbá po, ó ní: "Ọmọ mi, kóńgò ibòmíràn kì í ṣe kóńgò Bódìjà. Oníbàárà tó bá mọ ọjà, kò ní tíì bi mí ní iye owó kí ó tó wo ohun tí mo fi ń wọ̀n. Ìwé tí ẹ fi ń wo ọkọ mi yìí, ara ta ni wọ́n fi ṣe é? Ta ló ni kóńgò yín?"

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ara àwọn ènìyàn funfun ni wọ́n fi kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe àmì náà, lórí ara wọn sì ni ó ti rọrùn láti rí. Kì í ṣe àṣírí láàárín àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1978 ni wọ́n dá Àdéhùn Alma-Ata lórí ìlera gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ìwé tí a fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọ̀ ara kan ṣoṣo ni ó wà láyé. Ní ọdún 2016, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ National Pressure Ulcer Advisory Panel nígbà náà tún ìpele àwọn egbò yìí tò. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìpele kìn-ín-ní pé àmì pípọ́n náà lè yàtọ̀ lára ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú. Lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni ó yẹ kí a fi bá ojú lọ: ṣé ibẹ̀ gbóná tàbí tutù ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣé ó le tàbí ó rọ̀ jù, ṣé ó ń dùn ún? Ohun tí Ìyá sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn.

Àjọ yìí kan náà ṣe nǹkan mìíràn ní ọdún náà tí yóò dùn mọ́ ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè. Wọ́n yí orúkọ àìsàn náà padà, wọ́n ní kí a má pè é ní egbò mọ́, kí a pè é ní ìpalára, nítorí pé ní ìpele kìn-ín-ní, awọ kò tíì là. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Irú wàhálà kan náà wà nínú èdè tiwa. Ọgbẹ́ ni ohun tí ọ̀bẹ tàbí àdá ṣe sí ara. Egbò ni èyí tó ti di ojú tó ń sun. Bí mo bá bi ọmọ aláìsàn pé, "Ṣé egbò wà lára bàbá yín kí ẹ tó gbé wọn wá?" yóò ní "rárá," òtítọ́ ni ó sì sọ. Kò tíì di egbò. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Pupa náà tún ní tirẹ̀. Pupa ni epo, pupa ni iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà, pupa sì ni ẹni tí awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dọ̀ mi kọ ọ́ sílẹ̀ nípa aláìsàn kan pé "ara rẹ̀ pupa." Mo sáré lọ wò ó. Ọmọkùnrin náà ń jẹ àkàrà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é; bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Bí èdè bá kùnà níbì kan, ó máa ń là wá níbòmíràn. A jókòó, a sì kọ ìbéèrè tiwa. A kò tún bèèrè bóyá ara ń dùn ọ́ nìkan. Yorùbá mọ ìrora ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń ta mí, ó ń ro mí, ó ń gún mi, ó ń jó mi, ó ń yún mi, ibẹ̀ kú. A rí i pé bí aláìsàn bá ní ìbàdí ń jó òun, tàbí pé ibẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí ìwé bí ìwọ̀n ìgbóná ara ṣe tọ́ sí i. A ní kí nọ́ọ̀sì méjì, tí ẹnì kìíní kò tíì rí ohun tí ẹnì kejì kọ, máa yẹ aláìsàn kan náà wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìdáhùn wọn kò bá bára mu, òṣùwọ̀n náà kò tíì gún. A tún ń yẹ ara aláìsàn wò ní ọjọ́ tó bá wọlé gan-an, kí a lè ya ohun tó gbé wá láti ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ṣe sí i lọ́dọ̀ wa.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Iye egbò tó wà nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ wa lọ sókè. Àwọn ọ̀gá pè mí. Ọ̀kan nínú wọn ní láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ "àtúnṣe" mi ni nǹkan ti ń bàjẹ́, ó ní kí n pa á tì. Ọkàn mi dà rú. Bí mo bá gbà, ìwé wa á tún mọ́ tónítóní, àwọn ènìyàn bí Bàbá á sì máa jẹrà lábẹ́ aṣọ. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, egbò kọ́ ló pọ̀ sí i. Ojú wa ni ó là. Ẹni tó tan àtùpà sínú yàrá, tó wá rí aáyán, àtùpà rẹ̀ kọ́ ló bí wọn."

Mátírọ́ọ̀nù gbè mí lẹ́yìn, ó sì kọ́ mi ní ohun kan tí mi ò mọ̀ dáadáa. Ó ní kí n má máa ka iye egbò nìkan, kí n máa fi wé iye ọjọ́ tí gbogbo aláìsàn lò lọ́dọ̀ wa. Ká ní wọ́ọ̀dù kan ní aláìsàn 20 fún 30 ọjọ́, àpapọ̀ ọjọ́ wọn jẹ́ 600. Bí egbò tuntun mẹ́ta bá yọ níbẹ̀, ó jẹ́ márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ọjọ́. Bí wọ́ọ̀dù kejì bá ní aláìsàn 10 fún 30 ọjọ́, 300 ni àpapọ̀ tiwọn, bí egbò méjì bá sì yọ, ó ti ju mẹ́fà lọ nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó ka egbò nìkan yóò yin wọ́ọ̀dù kejì. A wá ń fi àmì kan sórí bébà ní oṣooṣù, a sì ń fa ìlà láti àmì dé àmì, kí a má baà máa jó nítorí oṣù kan tó dára tàbí sunkún nítorí oṣù kan tó burú. Ìlà náà gòkè, ó dúró, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbàgbọ́ pé yíyí tí a ń yí wọn ń ṣe wọ́n lóore.

N kò sì ju bébà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nù. Avedis Donabedian, dókítà tí wọ́n bí ní Beirut tó sì kọ́ni ní Yunifásítì Michigan, ti kọ ọ́ ní ọdún 1966 pé ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà wo ìtọ́jú: ohun tí a ní lọ́wọ́, ohun tí a ṣe, àti ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí egbò bá pọ̀, bébà náà á sọ bóyá a kò yí wọn ni. Bí a kò bá sì yí wọn, iye nọ́ọ̀sì tó wà lójú iṣẹ́ lóru á sọ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo yí padà ni pé n kò fi bébà jẹ ẹnikẹ́ni níyà mọ́. Mo ní kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí wọn kò bá ti ráyè. Àwọn àlàfo wọ̀nyẹn ni mo kó lọ bá àwọn ọ̀gá, wọ́n sì fi nọ́ọ̀sì kan kún wa ní òru. A tún ń ṣọ́ ẹ̀yìn àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn, nítorí pé yíyí ọkùnrin sígbọnlẹ̀ padà ní wákàtí méjì-méjì lè dá ẹ̀yìn ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, yálà ìtọ́jú aláìsàn ni ẹ ń kọ́ tàbí èdè, bí ẹnikẹ́ni bá gbé òṣùwọ̀n fún yín, ẹ bi í léèrè. Kí ni ó ń wọ̀n gan-an, ewu, iṣẹ́, tàbí àbájáde? Ara ta ni wọ́n fi ṣe é? Ṣé ẹni méjì tó bá lò ó yóò rí nǹkan kan náà? Kí ni ẹni tó ń kún un yóò pàdánù bí ó bá sọ òtítọ́? Kí ẹ sì bèèrè gbogbo rẹ̀ kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ibi tó ti gbéra, kò lè mọ bí òun ṣe rìn jìnnà tó.

Egbò Bàbá jinná, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àpá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé. Mo ya ọjà Bódìjà lẹ́yìn náà láti ra gàrí lọ́wọ́ Ìyá. Ó wọ̀n ọ́n, ó kún, ó ga, ó tún bu ènì lé e. Kí ó tó dà á sínú àpò mi, ó dojú kóńgò náà kọ ilẹ̀, ó sì ní kí n fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tẹ́jú.

Ó dìgbà kan ná o. Ire.